Alápatà kan bi mí léèrè: bí ẹ̀jẹ̀ tó dà sílẹ̀ bá jẹ́ ikú, báwo ni ti Kristi ṣe di ìyè?

Olùkọ́ Ìyàrà kọ pé:

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa.

Èmi ni mo ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbàlagbà ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi nínú ìjọ wa ní Ìyàrà, ó sì ti tó oṣù méjì tí a ti wà lórí ìwé sí àwọn Hébérù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a dé orí kẹsàn-án, níbi tí a ti kà pé láìsí ìtàjẹ̀sílẹ̀ kò sí ìdáríjì. Mo ṣe bí mo ti máa ń ṣe: mo sọ pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ni ó fún wa ní ìyè, gbogbo kíláàsì ṣe àmín, mo sì ti fẹ́ kọjá sí ẹsẹ tó kàn, ni ọ̀kan nínú wa bá nawọ́ sókè. Alápatà ni. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í sì í sábà sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Olùkọ́, ẹ má bínú sí mi. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń bá bàbá mi di ẹran mú. Bí mo bá fi ọ̀bẹ kan ọ̀fun màlúù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ tú jáde pẹ̀lú agbára, á máa hó lórí ilẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sun, ẹsẹ̀ ẹran náà á gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ojú rẹ̀ á sì dá gbére. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti dà sílẹ̀, n kò rí i rí kí ó fún nǹkan kan ní ìyè. Eṣinṣin nìkan ni ó ń pè. Kí ló wá mú ti Jésù yàtọ̀?"

Mo dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni. Ó dúpẹ́, ó jókòó, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé omi lásán ni mo bù fún ẹni tí ebi ń pa, àti pé, kí n sọ òótọ́, èmi náà kò yó. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ orin nípa ẹ̀jẹ̀ yìí, tí mo ń pè é bí ọ̀kadà bá fẹ́ yọ̀ lábẹ́ mi, tí mo sì ń mu ago rẹ̀ nídìí tábìlì Olúwa, n kò sì bi ara mi léèrè rí bí ó ṣe jẹ́ pé ohun tí ó jẹ́ àmì ikú fún gbogbo ẹ̀dá ni a ń pè ní orísun ìyè.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni a óò jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, mo sì ti ṣèlérí fún alápatà yẹn pé n óò tún padà sórí ọ̀rọ̀ náà kí a tó gbé ago. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Alàgbà Yàgbà fèsì:

Ọ̀kun o, olùkọ́. Ẹ bá mi kí alápatà yẹn gan-an, nítorí ìbéèrè rẹ̀ jinlẹ̀ ju èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wọ aṣọ oyè bi ara wa rí lọ. Ohun tí ó ń rí ní ojú agbo ìpẹran kò ta ko Bíbélì rárá. Ibẹ̀ gan-an ni Bíbélì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí Léfítíkù 17:11. Ọlọ́run sọ níbẹ̀ pé ẹ̀mí ẹ̀dá wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹran fi ń kú bí ẹ̀jẹ̀ bá tán lára rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ikú. Ìyè ni ó ń jáde lọ lójú alápatà. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ ti rí ẹ̀mí tó kúrò ní àyè rẹ̀. Ohun tó kù láti béèrè ni pé, nígbà tó kúrò níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni ó lọ?

Ní ojú agbo, ilẹ̀ ni ó mu ún. Òfin Mósè náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: ọdẹ tó bá pa ẹran nínú igbó gbọ́dọ̀ da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fi erùpẹ̀ bò ó, bí ìgbà tí a bá ń sin òkú. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kan wà tí kì í ṣe ilẹ̀ ni a dà á fún, èyí tí a gbé sórí pẹpẹ, òun sì ni ẹsẹ kọkànlá yẹn ń sọ nípa rẹ̀. Ẹ tún un kà, ẹ má sáré. Ọlọ́run ní, Èmi ni mo fi í fún yín. N óò dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn yìí, nítorí pé mo ti wàásù kọjá lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí i.

Àwọn baba wa mọ ẹbọ, wọ́n sì mọ ètùtù. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé, a ó ṣe ìwádìí, a ó gbọ́ ohun tí a ó fi rúbọ, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á sì lọ wá owó, á ra ewúrẹ́ tàbí àgbébọ̀ adìẹ, á gbé e lọ. Ènìyàn ni ó ń mú un wá. Ẹni tí a ṣẹ̀ jókòó, ó ń retí. Nínú Léfítíkù, lóòótọ́ ènìyàn ni ó ń fa ẹran wá, ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó ní òun fi ẹ̀jẹ̀ ètùtù náà fún wọn. Òun ni ó ní, Ẹ gbà, mo fi èyí fún yín kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ó fi bá mi rẹ́. Pọ́ọ̀lù náà kò sọ ọ́ lọ́nà mìíràn nínú Róòmù 3:25, nígbà tó kọ ọ́ pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó gbé Kristi kalẹ̀.

Nígbà tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú ni ètùtù. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, nítorí ohun tí ń tu nǹkan lójú ni, tí ó ń mú ohun tó gbóná rọlẹ̀. Àmọ́ ó gbé ẹrù tirẹ̀ wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbọ́ ọ bí ẹni pé Ọlọ́run ń bínú lókè, tí Jésù wá ń fi ẹ̀jẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ó tó lè nífẹ̀ẹ́ wa. Ìbínú Ọlọ́run sí ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú Bíbélì, n kò lè yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ni ó ṣáájú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni ó ra ìfẹ́.

Ẹ wá sọ fún alápatà pé nǹkan kan wà tí òun mọ̀ dáadáa tí yóò ràn án lọ́wọ́: okùn. Kò sí màlúù tí ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ojú agbo. Okùn ni a fi ń fà á. Ẹran tí wọ́n ń pa nínú Tẹ́ńpìlì ní Jerúsálẹ́mù náà kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn, ẹ̀mí tí wọ́n sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Hébérù 10:4 fi sọ gbangba pé kò ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ akọ màlúù àti ti òbúkọ mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò, tí olórí àlùfáà fi ń wọ Ibi Mímọ́ Jùlọ lọ́dọọdún, tí iṣẹ́ náà kì í tán. Ṣùgbọ́n nínú Jòhánù 10:18, Jésù ní kò sí ẹni tó gba ẹ̀mí òun lọ́wọ́ òun, òun fúnra òun ni òun fi lélẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a fi ipá gbà jẹ́ ikú lóòótọ́, bí ti Ábẹ́lì, tí ó ń ké láti inú ilẹ̀ pé kí a gbẹ̀san. Ẹ̀jẹ̀ tí a fi fúnni jẹ́ ìyè tí ó ń ti ọ̀dọ̀ ẹnìkan lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, ìràpadà. Àwa ọmọ Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, kò yẹ kí a máa wá ẹni tí yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Títí di 1897 tí agbára Bídá, olú ìlú àwọn Tápà, fi wó, àwọn ọmọ ogun Tápà ń gun ẹṣin wọ inú ìlú wa, wọ́n ń kó ènìyàn lọ, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìletò wa fi sá gun orí àpáta. Ilé tó bá rí owó á ra ọmọ rẹ̀ padà. Ilé tí kò rí, orúkọ nìkan ló kù. Ẹni tó ṣáájú iṣẹ́ ìtúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá náà, Àjàyí Crowther, ẹrú ni: wọ́n kó o ní Òṣoògùn ní 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, ọdún tó tẹ̀lé e ni a sì gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí. Ní 1841 ọkọ̀ mìíràn gbé e gòkè odò Ọya dé ibi tí odò náà àti odò Bẹ́núé ti pàdé ní Lọ́kọ́já, nítòsí wa níbí. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ka 1 Pétérù 1:18, pé kì í ṣe fàdákà tàbí wúrà ni a fi rà wá padà, ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ yẹn gba ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti ta rí dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi yín pé ta ni a san owó náà fún. Àwọn kan láyé àtijọ́ ní Sàtánì ni. Gírígórì ará Násíánsù ti bá wọn wí lórí rẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹrin, ó sì tọ̀nà.

Òṣìṣẹ́ Láàbù fèsì:

Mo kí bàbá Alàgbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Èmi kì í ṣe oníwàásù. Inú yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Yàgbà, ẹ̀jẹ̀ sì ni mo ń fọwọ́ kàn láàárọ̀ lálẹ́, nítorí náà ìbéèrè alápatà yìí dùn mọ́ mi.

Kí n sọ ohun kan tí mo rí. Ìyàwó ilé kan bímọ lóru, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Nígbà tí wọ́n pè mí, ètè obìnrin náà ti funfun bí ẹfun, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tutù, kò sì lè dáhùn mọ́ bí a bá pe orúkọ rẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ na apá fún mi. Mo dán ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì wò pọ̀, ó bára mu, mo sì fa àpò kan lára ọmọkùnrin yẹn, nǹkan bíi mílílítà 450. Bí mo ṣe gbé àpò náà lọ́wọ́, ó ń gbóná sí mi lọ́wọ́ bí ọmọ adìẹ. Kò tíì tán sí obìnrin náà lára tí ahọ́n rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí ó sì béèrè ọmọ rẹ̀.

Alápatà wí òótọ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀ kò fún nǹkan kan ní ìyè. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà, bí ó bá bọ́ sínú ẹlòmíràn dípò ilẹ̀, ìyè ni. Bàbá ti sọ ọ́ lọ́nà tó dára jù: ọ̀dọ̀ ta ni ó lọ?

Mo mọ̀ pé àfiwé yìí ní ibi tí ó ti ń já. Ọmọkùnrin yẹn fún wa ní díẹ̀ nínú nǹkan bíi lítà márùn-ún tó wà lára àgbàlagbà, ó mu mọ́ọ̀tì kan, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ yóò ṣe òmíràn dípò rẹ̀. Kristi kò fún wa ní díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí mo ń fi sínú fìríìjì kì í pẹ́ jù ọjọ́ 35 lọ kí ó tó bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ kò sì lè lò ju nǹkan bí ọjọ́ 120 lọ lára ẹni tó gbà á, lẹ́yìn náà ó ti tán. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí iṣẹ́ mi kọ́ mi, tí mo sì fẹ́ kí olùkọ́ mú lọ sí kíláàsì: láti ara ẹni tó wà láàyè ni a ti ń fa ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ wà láàyè. Èmi kò fa ẹ̀jẹ̀ lára òkú rí. Bí Jésù bá kú tí kò jí dìde, n kò mọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe lè ṣe wá láǹfààní ju ti ẹni rere mìíràn tí wọ́n pa láìṣẹ̀ lọ. Hébérù 7:25 ní ó wà láàyè títí láé. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìdáhùn náà fìdí múlẹ̀ sí.

(Mo mọ̀ pé àwọn aládùúgbò wa kan tí wọ́n jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà ń fi Ìṣe 15:29 kọ ìfàjẹ̀sínilára. Kì í ṣe ìyẹn ni a ń jíròrò níbí, ẹ má jẹ́ kí a gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ.)

Katikísì Kàbà fèsì:

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni mí, mo sì dúpẹ́ pé ẹ jẹ́ kí n jókòó sí àárín yín.

Bàbá Alàgbà ka Léfítíkù 17:11, wọ́n kà á dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó yí i ká. Ẹsẹ kẹwàá àti ìkejìlá fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni ní Ísírẹ́lì kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀jẹ̀, ẹsẹ kọkànlá tó wà láàárín wọn sì ni ìdí rẹ̀: nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ti Ọlọ́run ni ẹ̀mí, ènìyàn kò gbọdọ̀ gbé e mì. Ẹ wá fi ojú inú wo àwọn Júù tí wọ́n dàgbà lórí òfin yìí, tí wọ́n dúró nínú sínágọ́gù ní Kápánáúmù, tí Jésù wá ń sọ fún wọn nínú Jòhánù 6:53 pé bí wọn kò bá mu ẹ̀jẹ̀ òun, kò sí ìyè nínú wọn. Kì í ṣe pé ó gbàgbé òfin. Ìdí kan náà tí òfin fi sọ pé ẹ má mu ún ni òun fi ń sọ pé ẹ mu ún: ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ohun tí Ọlọ́run fi pamọ́ fún ara rẹ̀ látọjọ́ Nóà ni ó ń nà sí ènìyàn nínú ago. Ẹsẹ 66 sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ padà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, n kò sì dá wọn lẹ́bi púpọ̀, nítorí pé ó kéré tán, wọ́n gbọ́ ohun tí ó sọ. Àwa ń gbọ́ ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ń wo aago.

Yorùbá mọ ohun tí ó ń jẹ́ ìmùlẹ̀. Àwọn méjì tó bá mulẹ̀ pọ̀ ti di ọ̀kan, ìkankan nínú wọn kò sì gbọdọ̀ dalẹ̀. Ẹ lọ wo bí Mósè ṣe ṣe é nínú Ẹ́kísódù 24: ó gba ẹ̀jẹ̀ ẹran, ó da ìdajì rẹ̀ sí ara pẹpẹ, ó sì wọ́n ìdajì kejì sí ara àwọn ènìyàn, ó ní ẹ̀jẹ̀ májẹ̀mú nìyí. Ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo wà lára Ọlọ́run àti lára wọn. Nígbà tí Jésù gbé ago ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, gbólóhùn Mósè yẹn ni ó mú, ó fi "mi" kún un. Nígbà tí mo bá rí fádà wa tó ń kán omi díẹ̀ sínú wáìnì níbi pẹpẹ, tí omi náà ń pòórá, tí ẹnikẹ́ni kò lè yọ ọ́ kúrò mọ́, ohun tí mo ń rò nìyẹn: àwa ni omi, a ti bọ́ sínú ìyè tí kì í ṣe tiwa.

Mo mọ̀ pé a kò gbà fún ara wa lórí bí ago náà ṣe jẹ́ ẹ̀jẹ̀. Luther àti Zwingli, àwọn aṣáájú Pùròtẹ́sítáǹtì, náà jókòó lórí rẹ̀ ní Marburg ní ilẹ̀ Jámánì ní 1529, wọ́n sì dìde láìfohùnṣọ̀kan, nítorí náà n kò retí kí a yanjú rẹ̀ níbí. Ìjọ Àgùdà gbà pé Kristi wà níbẹ̀ ní tòótọ́, pé ẹni tó gba búrẹ́dì nìkan sì ti gba gbogbo rẹ̀, ara àti ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù bi gbogbo wa léèrè nínú 1 Kọ́ríńtì 10:16 pé ago ìbùkún tí a ń súre sí, ṣé kì í ṣe ìdàpọ̀ ẹ̀jẹ̀ Kristi ni? Ìdàpọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn tó alápatà yín lọ́wọ́ fún ọjọ́ kan.

Ìyá Ìbejì, Mòpà fèsì:

Ẹ kú ọgbọ́n, ẹ kú òye. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, inú mi sì dùn, àmọ́ nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Olùkọ́ kọ ọ́ pé òun máa ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù bí ọ̀kadà bá fẹ́ yọ̀, mo sì ń gbọ́ ọ bí ẹni pé ojú ń tì wọ́n. Nígbà ọyẹ́ ọdún tó kọjá, à ń bọ̀ láti Lọ́kọ́já, a fẹ́ẹ̀ dé Ọbájánà nígbà tí táyà iwájú bẹ́, tírélà sì ń bọ̀ níwájú wa. Gbogbo wa ni a ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Mùsùlùmí tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi pàápàá ké e. Ọkọ̀ wa yà sínú koríko, ó dúró. Ìkókó tó wà lẹ́yìn mi kò jí lójú oorun. Ṣé kí n wá sọ fún ara mi pé òògùn ni mo pè? Ìfihàn 12:11 sọ pé ẹ̀jẹ̀ Ọ̀dọ́-Àgùntàn ni wọ́n fi ṣẹ́gun. Ẹ má fi ìmọ̀ ìwé gba igbe lẹ́nu wa, ẹ jọ̀wọ́.

Alàgbà Yàgbà fèsì:

Ìyá wa, ẹ kú ewu. Ọlọ́run tó yọ yín, yóò máa yọ yín. Kò sí ẹni tó fẹ́ gba igbe yẹn lẹ́nu yín. Àdúrà ni, ọmọ tó bá rí ewu kì í jókòó ṣe àlàyé kí ó tó pe bàbá rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni ìyókù rẹ̀. Lóru Ìrékọjá ní Íjíbítì, nígbà tí Ọlọ́run ń pa àwọn àkọ́bí, ẹ̀jẹ̀ wà lára òpó ẹnu ọ̀nà méjèèjì àti lókè àtẹ́rígbà, àwọn ará ilé sì wà nínú, wọn kò pariwo. Wọ́n ń jẹ ẹran náà pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ọlọ́run ni ó sọ pé nígbà tí Òun bá rí ẹ̀jẹ̀ náà, Òun yóò ré wọn kọjá. Ààbò wọn kò sí nínú bí wọ́n ṣe ń pè é, ó wà nínú pé Ọlọ́run rí i. Nísinsìnyí, mo ti rí sóbò, ohun mímu pupa yẹn, nínú ìgò, tí wọ́n lẹ bébà mọ́ pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ni, tí wọ́n ń tà fún àwọn oníṣòwò kí wọ́n máa wọ́n ọn sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń ta ìyẹn ti dá wa padà sí ibi tí ènìyàn ti ń fi owó ra ẹran ètùtù, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run ti ní, Èmi ni mo fi í fún yín.

Àti pé, Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ mi: àwọn kan ti ké igbe yẹn ní ojú ọ̀nà kan náà, wọ́n sì kú. Èmi ni mo sin ọ̀kan nínú wọn. Mo dúró létí sàréè, n kò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ náà kò ṣiṣẹ́ fún ọkọ rẹ̀, n kò sì lè sọ pé kò ké e dáadáa. Ohun tí mo ka fún un ni Jòhánù 6:54, níbi tí Jésù ti sọ pé ẹni tó bá mu ẹ̀jẹ̀ òun ní ìyè àìnípẹ̀kun, pé òun yóò sì jí i dìde ní ọjọ́ ìkẹyìn. Kò sọ pé táyà kò ní bẹ́. Ẹsẹ tí ẹ mú láti inú Ìfihàn náà, ẹ kà á parí: àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣẹ́gun ni ó sọ pé wọn kò fẹ́ràn ẹ̀mí wọn títí dé ikú.

Ìyá Ìbejì, Mòpà fèsì:

Bàbá, mo gbọ́. Ẹ ṣeun. Èmi á ṣì máa ké e o.

Olùkọ́ Ìyàrà fèsì:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará, mo dọ̀bálẹ̀. Mo fẹ́ ròyìn bí ó ti lọ.

Kò sí àkókò láti sọ gbogbo rẹ̀, nítorí náà ohun mẹ́ta ni mo mú lọ: okùn ti bàbá Alàgbà, àpò ẹ̀jẹ̀ tó gbóná lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ láàbù, àti ohun tí katikísì sọ lórí òfin tó ní ẹ má mu ún àti Olúwa tó ní ẹ mu ún. Ti okùn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Alápatà wa tẹ orí ba, ó ń fi àtàǹpàkò ra àtẹ́lẹwọ́ kejì, níbi tí okùn ti dá àpá sí i láti ìgbà èwe. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Nígbà náà, òun ni ó fún ara rẹ̀ sílẹ̀ fún mi." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó sì ti jí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí a gbé ago dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbà á, ó wò ó, ó sì gbé e padà sínú àwo láìmu ún. Mo rò pé n kò ṣàlàyé tó. Lẹ́yìn ìsìn ó wá bá mi lábẹ́ igi mángòrò. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́fà tí òun àti ẹ̀gbọ́n òun kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí oko kaṣú tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni òun ti mu ago yìí nínú ọdún mẹ́fà náà láìrò ó, nítorí pé òun rò pé àmì lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń mulẹ̀ ni, tí ẹ̀gbọ́n òun náà sì ń mu ún nínú ìjọ tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìlú, báwo ni òun ṣe lè tún gbé e sẹ́nu kí òun tó lọ rí i? Ó bi mí bóyá ó yẹ kí òun mu ún kí ó lè fún òun lágbára láti lọ, tàbí kí òun kọ́kọ́ lọ kí òun tó mu ún.

Mo ka 1 Kọ́ríńtì 11:27 sí i létí, mo sì tún ka Mátíù 5:24, ṣùgbọ́n n kò sọ èyí tí yóò ṣe fún un, nítorí n kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ni a óò tún gbé ago. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ohun tí yóò sọ kí ọjọ́ náà tó pé, kí ó kọ ọ́ síbí, n óò kà á fún un.